Kóòdù Tí Kò Dé Ọ̀dọ̀ Mi

Mo tún tẹ̀ ẹ́. "Fi kóòdù ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i." Kò sí nǹkan kan… Àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni? Mo gbé fóònù sókè síhà fèrèsé, mo gbé e sọ̀kalẹ̀ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Òfìfo.

Pásíwọ́ọ̀dù mi tọ̀nà, ìkànnì ilé ìwòsàn gbà á. Ó ní ó ku kóòdù tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Kóòdù wo? Akọ̀wé ilé ìwòsàn ní, "Ìyá, èsì yín ti jáde, ẹ wò ó lórí fóònù, ó rọrùn." Ó rọrùn! Fún ta ni? Kókó inú ọmú tèmi ni wọ́n yẹ̀ wò, mo tún gbọ́dọ̀ máa jẹ́rìí pé èmi lèmi. Ta ni ǹ bá tún jẹ́?

Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn kan, kọ́kọ́rọ́ méjì, ọ̀kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi. Kò yé mi rárá.

Kí n bi ọmọ mi? Òun ló bá mi forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì náà, kó tó bímọ. Rárá o. Abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú, kí n wá máa sọ̀rọ̀ kókó inú ọmú fún un? Ẹ̀rù a máa mú omi ọmú gbẹ—àbí wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀? Kí n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ná. Tó bá jẹ́ ire, màá gbé e mì. Tó bá jẹ́… Kọ́là ọrùn aṣọ oníbàárà yìí ò tíì délẹ̀. Kọ́là! Mo fi ètè sílẹ̀, mò ń pa làpálàpá.

Kí ló sọ lọ́jọ́ náà gan-an? Ó jókòó síbí, lórí àpótí tí mò ń kó òwú sí, oyún ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. "Màmá, ibi gbogbo lẹ máa ń gbàgbé fóònù sí. Kó lè rọrùn fún yín, nọ́ńbà tèmi ni mo fi—"

Nọ́ńbà tiẹ̀.

Mo máa ń bá àwọn ọmọṣẹ́ wí tí wọ́n bá ran àpò síbi tọ́wọ́ aláṣọ ò lè dé. Tèmi rèé.

Kóòdù ń wọlé, nígbà náà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń wọlé sí. Gbogbo bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀… pẹ̀lú orúkọ ilé ìwòsàn gàdàgbà lókè… Ó ti rí i. Kò sì pè mí. Mo mọ ọmọ mi: ó gbé ọmọ sọ́wọ́ kan, ó gbé fóònù sọ́wọ́ kejì, ó ń dúró kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Háà. Ẹ̀rù ń bà mí. Èmi tí mo ní mi ò ní fi ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀kùn rẹ̀—láti àárọ̀ ni mo ti ń kàn án.