Ohun Tí Dókítà Ń Retí

"Ṣé Bàbá ti só?"

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí tí nọ́ọ̀sì bèèrè láti àárọ̀, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó tó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì mi orí. Bàbá, tí í ṣe baba ọkọ rẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, kọjú sí ògiri bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.

"Tó bá di aago mẹ́rin tí afẹ́fẹ́ ò jáde," ni nọ́ọ̀sì wí, "dókítà ní àwọn máa gbé wọn padà lọ fún iṣẹ́ abẹ. Ìfun tí wọ́n gé tí wọ́n sì so pọ̀ yẹn lè ti dí."

Aago méjì ààbọ̀ ti kọjá.

Ẹ̀rù ba ìyàwó gan-an. Ọjọ́ kẹta rè é tí wọ́n la ikùn Bàbá. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ṣé wọ́n lè là á lẹ́ẹ̀mejì kó tún jí? Ọkọ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀la ni yóò dé. Kí ni òun yóò sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà?

Ó nu òógùn iwájú orí Bàbá. Ikùn òun fúnra rẹ̀ ń kùn. Búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò òwúrọ̀ ti wú u níkùn, ṣùgbọ́n ó ń fún ìdí pọ̀. Ta ni yóò só níwájú baba ọkọ? Àti irú Bàbá yìí, tó na odidi kíláàsì rí torí pé ẹnì kan só tí kò jẹ́wọ́! "Ikú yá ju ẹ̀sín," ló máa ń wí fún gbogbo ilé.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójijì. Ó wo ojú Bàbá: ó wa eyín pọ̀. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora: ó fún méjèèjì pọ̀ gírígírí. Háà! Bàbá ń pa á mọ́ra ni, nítorí òun tó jókòó tì í. Òun tó wá tọ́jú rẹ̀ ló fẹ́ pa á.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n bọ́ síta díẹ̀, kẹ́ ẹ ráyè sinmi."

Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má lọ, ìyàwó mi. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ọdún mọ́kànlá tó ti wọlé wọn, kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí lẹ́nu rẹ̀. Ó padà jókòó. Aago mẹ́ta kọjá. Ó ní kí Ọlọ́run forí jin òun, ó sì tú ìdí sílẹ̀.

Ó dún ju bó ṣe rò lọ. Àga onírin tó jókòó lé tilẹ̀ bá a gbè é.

"Ẹ dákun, Bàbá," ó wí, ilẹ̀ ló ń wò. "Ẹ má bínú."

Ìṣẹ́jú kan kọjá. Ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà ni nǹkan tín-ín-rín kan dún lábẹ́ aṣọ ìbora, bí ẹni ń ya àkísà. Òmíràn tẹ̀ lé e, ìyẹn ò tín-ín-rín rárá.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Omi lé ròrò sójú ìyàwó.

Nọ́ọ̀sì yọjú. "Ṣé Bàbá ti só?"

"Àwa méjèèjì ni," ni Bàbá dáhùn. Kò tíì fi ọwọ́ ìyàwó sílẹ̀.