Ewé Òkun fún Ọrùn Cecilia

Ní ọjọ́ ìkórè ọdún 1956, ní Òkè-Bùkún, níwájú gbogbo obìnrin ìjọ ni wọ́n ti gba orógùn lọ́wọ́ Cecilia. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ló ń rò lọ́wọ́. Rachel, Ìyá Ìjọ, ló wá dúró tì í, kò sì rọ ohùn sílẹ̀ rárá.

"Cecilia, kúrò nídìí iná. Àwọn àlejò ń bọ̀ láti Kàbà, wọn ò ní jẹ oúnjẹ tí onígẹ̀gẹ̀ sè."

Cecilia jọ̀wọ́ orógùn fún un. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó sì rìn lọ sílé. Ẹnì kan ò tẹ̀ lé e.

Láti ìgbà tó ti bí ọmọ rẹ̀ kẹta ni gẹ̀gẹ̀ ti jókòó sí i lọ́rùn. Bó bá ń gun òkè lọ sóko, á dúró mí lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn kan ní iṣu olóko ló jí, àwọn mìíràn ní àgbà ló bú. Bẹ́ẹ̀ obìnrin mẹ́rìndínlógún ló ní in ní àdúgbò náà! Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ bóyá gbogbo wọn ló jalè.

Oṣù kejì lẹ́yìn ìkórè, àbúrò rẹ̀ Ọlọ́runlékè, tó jẹ́ kúùkù nínú ọkọ̀ ojú omi, ti Èkó dé.

"Okun o, ẹ̀gbọ́n mi," ló fi kí i, ó sì gbé agolo kan kalẹ̀.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ dúdú, ó hunjọ bí aṣọ tí iná jó, ó sì ń rùn bí ẹja.

"Kí lèyí?"

"Ewé ni. Ara àpáta inú òkun ló ti ń hù. Níbi kan tí ọkọ̀ wa gúnlẹ̀ sí, wọ́n ń sè é, wọ́n ń dín in, wọ́n sì ń fi jẹ búrẹ́dì láàárọ̀. Ẹ rántí òògùn tó máa ń ta ni lójú egbò ní dìsípẹ́ńsárì? Áyódíìnì. Irú rẹ̀ wà nínú ewé yìí, inú omi òkun ló ti ń fà á. Mo sọ ọ̀rọ̀ ọrùn yín fún dókítà ọkọ̀ wa. Ó ní ilẹ̀ ibòmíràn tó jìnnà sókun bíi tiwa kì í ní in tó, iṣu àti ẹ̀fọ́ ibẹ̀ kì í sì í rí i fà. Ara á máa wá a, kò ní rí i, ni ọrùn á bá máa wú."

"Kì í ṣe èpè?"

"Èpè kẹ̀? Àìtó oúnjẹ kan ni. Àwọn òyìnbó ti ń fi í sínú iyọ̀ wọn tipẹ́."

Cecilia dìde, ó tún jókòó. "Wọ́n mọ̀ ọ́n? Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fi wá sílẹ̀ kí a máa pe ara wa lólè?"

Ọlọ́runlékè kìlọ̀ fún un kó má ṣe fẹnu kan òògùn egbò yẹn láé, pé májèlé ni. Ewé náà pàápàá, bíńtín ni, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, àyà á máa já, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ọrùn sì tún lè wú sí i.

Cecilia rẹ ewé náà sómi. Ó wú, ó ń yọ̀ bí ilá. Ó sè é mọ́ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ó dà bíi kí èèyàn lá àpò iyọ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́. Nígbà tó pé oṣù mẹ́fà, gẹ̀gẹ̀ náà rọ̀, ó sì fà sẹ́yìn díẹ̀. Kò lọ tán, àmọ́ Cecilia ń gun òkè láìdúró. Nígbà tí Rachel gbọ́, ó ní ewé ẹbọra omi ló ń jẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí gbogbo èèyàn wà lóko, Rachel gba ẹ̀yìnkùlé wọlé tọ Cecilia wá.

"Bíọ́lá ọmọ mi ni," ló wí. "Oyún rẹ̀ ti pé oṣù márùn-ún, ọrùn rẹ̀ sì ń wú. Dì díẹ̀ fún mi nínú ewé yẹn. Má jẹ̀ẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́."

Cecilia bi í pé, "Ewé ẹbọra náà?"

"Jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi."

"Mi ò ní dì í fún yín, Ìyá Ìjọ. Bó bá pọ̀ jù, ó lè pa aboyún àti ọmọ inú rẹ̀ lára. Kí Bíọ́lá fúnra rẹ̀ máa wá, kó gba iwájú ilé, kó jẹ ẹ́ lójú mi."

"Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni?"

"Ẹ̀yin kò yọ́ kẹ́lẹ́ nígbà tí ẹ ń lé mi nídìí iná. Kí ló wá dé tí ẹ fi gba ẹ̀yìnkùlé mi?"

Rachel lọ láìdágbére. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀, Bíọ́lá dé, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jẹun. Gbogbo ẹni tó ń kọjá rí i. Ó bímọ láyọ̀. Rachel kò tọrọ àforíjì títí dòní, ó kàn dákẹ́ ọ̀rọ̀ ẹbọra ni.

Ìdákẹ́ yìí ò tó fún Cecilia. Nígbà tí ọ̀gá kan tó ń rí sí ìlera dé láti Kàbà, tó ń kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe máa gbálẹ̀, Cecilia dìde.

"Ọ̀gá, ilẹ̀ wa mọ́. Ẹ sọ̀rọ̀ iyọ̀. Kí ló dé tí ohun tó wà nínú iyọ̀ àwọn òyìnbó kò sí nínú tiwa?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ fún ọ?"

Cecilia tú gèlè tó fi ń bo ọrùn. Obìnrin kan dìde lẹ́yìn rẹ̀, ó tú tirẹ̀. Òmíràn dìde, òmíràn tún dìde. Ẹ̀rín kú lẹ́nu ọ̀gá.

"N ó kọ̀wé sí ìjọba ní Kàdúná," ló wí.

"Ẹ kọ ọ́ nísinsìnyí," Cecilia dáhùn. "Àwa ò ní jókòó títí ẹ ó fi kọ ọ́ tán."

Ọ̀gá fa pẹ́ńsù yọ. Wọ́n wà lórí ìdúró, wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀.