Ẹni Tó Di Ẹ̀wọ̀n Mú ní Corley

“Bàbá Slocum, ṣé ẹ rí i pé mo dìde?”

Kody Haldeman ló béèrè bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń sáré kọjá létí pápá. Koríko há sára irin iwájú akoto rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì wà ní ètè rẹ̀. Vernon Slocum kò dá a lóhùn. Òfin kò gbà á láyè. Ẹni tó bá di ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀ mú nínú eré fútúbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ sáré, kò gbọdọ̀ bá àwọn tó ń ṣe é sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ pàtẹ́wọ́, kò gbọdọ̀ pariwo, ìbáà jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló gbé bọ́ọ̀lù sá wọlé ọ̀tá. Wọ́n fún un ní ọ̀pá kan, wọ́n fún un ní àwọ̀lékè aláwọ̀ ọsàn, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó dúró síbi tí rẹfirí bá ní kó dúró sí lọ.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ló fi í síbẹ̀, gbogbo ìlú Corley ló sì mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí Vernon ṣì ń jókòó láàárín àwọn òǹwòran, ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́ràn. Nígbà ooru, ẹ̀yìn ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù ní pápá béésíbọ́ọ̀lù ló máa ń wà. Á máa kọ́ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù bí yóò ṣe jù ú, á máa kọ́ ẹni tó mú igi bí yóò ṣe dúró, á sì máa sọ irú awò ojú tó yẹ kí rẹfirí lọ rà. Tí ìgbà ìkórè bá dé tí fútúbọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, kóòṣì ló kàn tí á máa kọ́ níṣẹ́. “Ẹ fún un lẹ́wọ̀n mú,” ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wí. “Ibẹ̀ nìkan ni òfin ti lè bá wa pa á lẹ́nu mọ́.”

Àwọn mẹ́ta ló wà nídìí iṣẹ́ náà. Vernon mú ọ̀pá kan, ẹlòmíràn mú ọ̀pá kejì, ẹ̀wọ̀n yáàdì mẹ́wàá sì wà láàárín wọn. Ẹgbẹ́ tó bá gba bọ́ọ̀lù ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti fi kọjá gígùn ẹ̀wọ̀n yẹn. Bí wọ́n bá kọjá rẹ̀, a óò gbé e síwájú fún wọn. Bí wọn kò bá lè kọjá rẹ̀, bọ́ọ̀lù di ti ọ̀tá. Orville Stutz, ọ̀rẹ́ Vernon láti kékeré, ló mú ọ̀pá kẹta tó ń fi iye ìgbìyànjú hàn.

Ẹni tó mú ọ̀pá kejì ni Denny Haldeman, bàbá Kody. Láti Ọjọ́rú ni Denny kò ti bá Vernon sọ̀rọ̀.

Ẹnu Vernon ló fà á. Ní ilé oúnjẹ Marva, níbi tí àwọn àgbàlagbà ti máa ń mu kọfí kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́, ó dìde dúró láti sọ̀rọ̀ bí aṣòfin. “Béésíbọ́ọ̀lù wa dára, n kò bẹnu àtẹ́ lù ú,” ló wí. “Ṣùgbọ́n eré onísùúrù ni. O dúró, o tutọ́, o fọwọ́ kan fìlà, o tún dúró. Ọmọ tí irú eré bẹ́ẹ̀ bá ti wọ̀ lára, ẹ má fi fútúbọ́ọ̀lù wa lé e lọ́wọ́. Èjìká dun Haldeman kékeré ní Sátidé, ó bá ní kí wọ́n mú òun jáde! Láyé tiwa, àfi tí egungun bá yọ síta.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tíì tán nígbà tí Vernon yíjú padà, tó rí Kody tó dúró nídìí káńtà, tó ń retí oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ ní kó wá gbà. Ọmọ náà gba àpò oúnjẹ rẹ̀, ó kí wọn, ó jáde.

Ìdí nìyẹn tí Kody fi dìde kíákíá báyìí. Ọmọ kan láti Ashby, ìlú tí wọ́n ń bá figagbága, tó rí gìdìgbà bí ilẹ̀kùn àká ló rọ́ lù ú, tó sì gbé e ṣánlẹ̀. Orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ilẹ̀ sì le nítorí òjò ti dá. Kí fèrè tó dún, ó ti wà lórí ìdúró, ó gbọ́wọ́ sókè. Àwọn òǹwòran hó yèè. Ẹni tó ń tọ́jú àwọn ọmọ tó bá fara pa ì bá yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ó wà lẹ́yìn bẹ́ǹṣì, ó ń di ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ mìíràn.

Ashby fi ayò mẹ́rin ṣíwájú, àkókò sì ń lọ. Corley kò tíì na Ashby láti ìgbà tí Kody ti wà ní ọmọ ọwọ́.

Àwọn ọmọ Corley tò. Kody dúró lẹ́yìn wọn láti gba bọ́ọ̀lù, nítorí òun ni adarí eré. Ṣùgbọ́n kò pè fún bọ́ọ̀lù. Ó fi ìka kan iwájú akoto rẹ̀. Ó fi orí bàtà gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó bojú wo ẹ̀yìn èjìká òsì rẹ̀, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, ó sì tẹjú mọ́ ibẹ̀ pẹ́.

Ojú àwọn ọmọ Ashby dàrú. Ọ̀kan nínú wọn kò lè mú un mọ́ra, ó fò kọjá ìlà kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀. Rẹfirí fọn fèrè, ó bu yáàdì márùn-ún fún Corley.

“Ẹ wo ọgbọ́n ọmọ yìí!” ni ẹnìkan kígbe láti òkè. “Ó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́!”

Orville fọwọ́ bo ẹnu kí rẹfirí má baà rí i. “Ta ló kọ́ ọmọ yìí nírú ìyẹn?”

Vernon kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rí ìṣe yẹn láti ẹ̀yìn àwọ̀n pápá béésíbọ́ọ̀lù ní gbogbo ọ̀sán ooru tí Kody bá ń ju bọ́ọ̀lù. Fìlà ni ọmọ náà fọwọ́ kàn, fìlà tí kò dé. Iwájú òkìtì tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù ló ń gbẹ́. Ẹni tó ń wò lẹ́yìn èjìká òsì ni ẹni tó fẹ́ yọ́ sáré láti àyè kìn-ín-ní lọ sí èkejì.

Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí Kody. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì sókè, orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà, ó sì jù ú. Kò sẹ́ni tó ń ju bọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu ṣóńṣó bẹ́ẹ̀. Ó fò tààrà láàárín àwọn ọ̀tá méjì, ó bọ́ sí ọmọ Corley kan láyà, ọmọ náà sì dì mọ́ ọn ṣubú. Ariwo ta. Wọ́n ti kọjá ẹ̀wọ̀n.

“Ẹ gbé e síwájú!” ni rẹfirí pàṣẹ, Vernon àti Denny sì jọ sáré, ẹ̀wọ̀n ń dún ṣaworo láàárín wọn. Ilé Ashby ti sún mọ́. Ohun tí Vernon ti ń gbàdúrà fún láti ọdún yìí wá ló ń ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀, ó sì ń wù ú kó dúró.

Kóòṣì Ashby ní kí wọ́n dá eré dúró díẹ̀ kí òun bá àwọn ọmọ òun sọ̀rọ̀. Vernon rìn tọ Denny lọ, ẹ̀wọ̀n dẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

“Denny.”

“Ẹ padà sáàyè yín.”

“Ọmọ yẹn kò mọ ibi tó wà.”

“Ó mọ ibi tó wà. Ó kù díẹ̀ kó wọlé wọn.”

“Béésíbọ́ọ̀lù ló ń jù. Ìwọ náà máa ń wà níbẹ̀. Wo ọwọ́ rẹ̀. Wo ẹsẹ̀ rẹ̀!”

Denny wá kọjú sí i, ojú rẹ̀ pọ́n. “Ní Ọjọ́rú, ojo ni. Lónìí, orí rẹ̀ ti dàrú. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Slocum, kí lọmọ mi máa ṣe tó máa tẹ́ yín lọ́rùn?”

Ẹni tó bá ti fi ọ̀rọ̀ tó ní ṣòfò, ọjọ́ tó bá fẹ́ ná ọ̀kan ṣoṣo, ọwọ́ òfo ló máa fà yọ lápò. Vernon yíjú sí kóòṣì Corley, ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Hollis, tó dúró nítòsí.

“Kóòṣì, ẹ mú Kody jáde.”

Hollis fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà á gbọ́. “Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó fi jíjáde rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní Ọjọ́rú ni! Vernon, ẹ̀wọ̀n ni mo rí lọ́wọ́ yín, n kò rí fèrè.” Àwọn ọmọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín.

“Ṣé ẹ ti bi í léèrè?”

“Mo bi í. Mo ní ṣé ara rẹ le, ó ní ara òun le.”

“Kò sí ọmọ tó máa sọ nǹkan mìíràn.”

“Ta ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀?” ni Hollis wí, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Rẹfirí ti sún mọ́ wọn. “Bàbá, mo gbọ́ ohùn yín. Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí n tún gbọ́ ọ.”

Vernon padà sídìí ọ̀pá rẹ̀. Orville ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́. “Fi í sílẹ̀,” ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Tó o bá ṣe ohun tí mo rò pé o fẹ́ ṣe, tí a bá sì pàdánù, o ò ní lè mu omi ní ìlú yìí mọ́. Ó lè jẹ́ pé irọ́ lo ń pa fún ara rẹ.”

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Vernon mọ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó ló ti fi gbogbo ara búra lórí ohun tí ojú rẹ̀ rí, tó sì já sí asán? Bí ó bá jẹ́ pé ọgbọ́n ni ọmọ náà ń dá, òun ni yóò já ìṣẹ́gun gbà lọ́wọ́ ìlú.

Àwọn ọmọ tún tò. Ọmọ gìdìgbà ti Ashby yẹn tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára Kody. Kody tẹjú mọ́ ẹ̀yìn ẹni tó máa ju bọ́ọ̀lù sí i, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń retí àmì irú bọ́ọ̀lù tí yóò jù lọ́wọ́ ẹni tó ń hán an. Ó mi orí: rárá, kì í ṣe irú èyí. Ó tún dúró. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kejì.

Vernon ju ọ̀pá sílẹ̀, ó kọjá ìlà.

Fèrè dún. Aṣọ pupa rẹ́súrẹ́sú tí rẹfirí fi ń dá ẹ̀bi fò sókè. Vernon ń yára rìn lọ. Gbogbo àga òǹwòran dìde sí i. “Slocum! Ẹ mú wèrè yẹn jáde! Slocum, ìwọ ọ̀dàlẹ̀!” Hollis ń ju fìlà mọ́lẹ̀. Vernon dé iwájú ọmọ náà, ó sì di èjìká rẹ̀ méjèèjì mú.

“Kody. Ta ló kàn?”

Ojú ọmọ náà mọ́ kedere, kò sí ìjayà níbẹ̀ rárá. “Ọlọ́wọ́-òsì wọn tó mú igi ni. Mo máa jù ú sísàlẹ̀ fún un.” Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ padà sórí àga yín, Bàbá Slocum. Kí ló dé tí ẹ dákẹ́ lónìí? Mo ti ń retí ariwo yín.”

Ọwọ́ kan gbá àwọ̀lékè Vernon mú lẹ́yìn. Denny ni, ó ti wá láti wọ́ ọ jáde. Ṣùgbọ́n ó gbọ́. Ọwọ́ náà dẹ̀.

“Kody,” ni Denny wí. “Ọmọ mi. Oṣù wo la wà yìí?”

“Oṣù Keje, Dádì.”

Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo igi tó yí pápá ká ni ewé wọn ti pọ́n, tó ti ń já bọ́, bó ti máa ń rí nígbà ìkórè.

Denny gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú akoto àti gbogbo rẹ̀, ó sì ń pe olùtọ́jú. Kí olùtọ́jú tó dé, Kody ti ń bì sára bàtà bàbá rẹ̀. Hollis sá wọ pápá, ó ń juwọ́ pe ọkọ̀ aláìsàn.

Àwọn tó wà lókè kò gbọ́ nǹkan kan nínú èyí. Wọ́n ṣì ń hó lé Vernon lórí nígbà tí ọkọ̀ aláìsàn wọ inú pápá, àfi ìyá Kody nìkan, tó ti sáré sọ̀kalẹ̀ tó sì bá ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ náà.

“Ẹ ṣe dáadáa,” ni rẹfirí sọ fún Vernon láìwo ojú rẹ̀. “Ṣùgbọ́n òfin lòfin. Mo ní láti fi yáàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ Corley níyà, ẹ̀yin náà sì ní láti jáde.”

Vernon bọ́ àwọ̀lékè, ó gbé e fún Orville.

“Wọn ò ní gbàgbé o,” ni Orville wí.

“Kí wọ́n má gbàgbé.”

Ó ti dé ẹnu géètì nígbà tí Denny sá bá a. Kò dúpẹ́, kò bẹ̀bẹ̀. Ó na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ sí i. “Ẹ bá mi wà á. Ká tẹ̀ lé wọn lọ sí ọsìbítù.”

Wọ́n wọ ọkọ̀. Bí Vernon ṣe yí kọ́kọ́rọ́, rédíò inú rẹ̀ jí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ìlú sì kún inú ọkọ̀: “Ìgbìyànjú ìkẹrin nìyí, ẹ̀yin ará Corley, ìgbẹ̀yìn pátápátá! Bọ́ọ̀lù ti dé ọwọ́ ọmọ Brewer tó wọlé dípò Haldeman, ó gbọ́wọ́ sókè, ó jù ú…”

Vernon pa á.

“Ọ̀nà wo ló yá jù?” ló béèrè. “Ti afárá ni, àbí ti àká àgbàdo?”

“Ti afárá,” ni Denny wí.

Vernon gba ọ̀nà afárá.