Ìpàdé Lórí Àga Ọlọ́tí

Ara mi ò balẹ̀ láti àárọ̀. Ìpàdé tí mo ti ń sáré kiri nítorí rẹ̀ látìgbà ààwẹ̀ ló bọ́ sí òní: bí àwa ará àdúgbò Under G ṣe máa fọwọ́ sowọ́ pọ̀ kí oògùn olóró má baà run àwọn ọmọ wa tán. Mo lọ sílé Álúfà Àlàmú ti mọ́ṣáláṣí, mo lọ sílé Díákónì Oyèdèjì ti ìjọ Onítẹ̀bọmi. Kálukú ní òun á wá bí ẹnì kejì bá wá. Àgbàlagbà méjì ń ṣe nǹkan bí ìyàwó tuntun tó ń tijú.

Èmi Waliyat, télọ̀, kí ló kàn mí? Àbúrò mi Israfil ni. Ọ̀yọ́ ló ti ń kọ́ṣẹ́ kápẹ́ńtà nígbà tí kolorádò, ewé olóró tí wọ́n ń fà bí igbó, fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i lórí. Ó ti jáwọ́ báyìí, ó sì gbà láti wá sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí ìtìjú bá lé e padà lónìí, ìdí kolorádò náà ló máa padà sí.

Nígbà tí mo dé pápá tí a ti fẹ́ ṣèpàdé, àgọ́ ọlọ́tí bítà ni mo bá níbẹ̀, orúkọ ọtí lára gbogbo àga, páálí ìgò lábẹ́ tábìlì. Mo lọ bá Bàbá Adébóyè, alága àwọn onílé.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Kí lèyí?"

"Àwọn kọ́ńpìnì ló dá wa lọ́lá. Item seven náà, nǹkan mímu wa, ti délẹ̀. Àbí o fẹ́ kí àwọn àgbààgbà jókòó lórí yẹ̀pẹ̀?"

"Ọtí ni, sà."

"Àgbo ni. Ewé àti egbò ni. Oògùn olóró là ń bá jà, a ò bá àgbo jà."

Inú bí mi. Ẹni tó ń wá ìfà ń wá òfò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n pápá ti kún, Álúfà àti Díákónì sì jókòó pọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ tú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ká?

Israfil dé, kò wọ abẹ́ àgọ́. Ẹnì kan ti ṣí ìgò.

"Sista, mo ń gbọ́ òórùn ẹ̀," ó ní. "Ẹ jẹ́ n máa lọ."

Mo bọ́ síwájú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ̀yin àgbà. Àga yìí àti ọtí yìí ń padà síbi tí wọ́n ti wá."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to àga léra fúnra mi. Bàbá Adébóyè ní n kò lẹ́kọ̀ọ́, ó bínú lọ, àwọn tó pọ̀ jù sì tẹ̀ lé e. Onímárúwá tó kó ẹrù wá ló tún kó o lọ. Mo fẹ́ sunkún.

Álúfà bọ́ agbádá rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó jókòó, ó sì sún fún Díákónì.

"Orúnkún mi," Díákónì ń kùn, ṣùgbọ́n ó jókòó.

"Ọmọ tó fẹ́ sọ̀rọ̀ dà?" Álúfà bèèrè.

Israfil wo ìwọ̀nba àwa tó ṣẹ́kù, lẹ́yìn náà ó bọ́ sáàárín wa.

"Ẹ kú ìjókòó. Irú àgbo ọlọ́tí yẹn ni mo kọ́kọ́ mu," ó ní. "Bàbá wa ló máa ń ṣẹ́ díẹ̀ kù sísàlẹ̀ ife fún mi, torí pé èmi ni wọ́n fẹ́ràn jù."

Inú ilé kan náà la ti dàgbà. Mi ò mọ̀.