Omi Òjò Nínú Omi Òkun

Fìlà Pius ṣì ń bẹ lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn bọ́ìsì-kọ́tà. Láti ọjọ́ tí Olúwadáre àti Fúnmi ìyàwó rẹ̀ ti kó débẹ̀, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tó ni ín kò kú. Àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n tì í mọ́ láti oṣù mẹ́ta, nítorí pé ohun tí ọ̀gá ní kó máa tọ́jú kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ohun náà ni iyùn. Kì í ṣe iyùn tí à ń so mọ́rùn o. Iyùn abẹ̀mí ni, èyí tó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun, tí Ẹnjiníà Babalọlá gbé láti òkè òkun wá sí Òrè. Ayé epo rọ̀bì là ń wí yìí. Ẹlòmíràn rówó, ó ra mọ́tò. Ẹlòmíràn rówó, ó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí ẹ̀gbẹ́ títì Bìní. Ẹnjiníà tiwa ra òkun, ó sì gbé e sínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀. Bó bá ti lọ síbi kànga epo tí wọ́n ń gbẹ́ lójú agbami, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó padà, ẹlòmíràn ni yóò sì máa ṣọ́ òkun rẹ̀ fún un.

Nígbà tí iyùn àkọ́kọ́ kú, Ẹnjiníà ní Pius da májèlé sínú omi. Pius búra títí ohùn rẹ̀ fi há, wọ́n ṣì mú un lọ. Ọ̀gá ra iyùn méjì mìíràn, ó sì ránṣẹ́ pe Olúwadáre láti Aráròmí-Obu. Ọ̀kan nínú iyùn náà dà bí olú ńlá, ó ní àwọn ìka tín-ín-rín lórí tó máa ń jáde bí iná bá tàn sí i. Èkejì ní ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tó ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kí ọ̀gá tó lọ, ó fi ìwé kan hàn án tó ti wà lára ògiri láti ìgbà Pius: "Omi kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju ìlà pupa lọ. Bó bá rẹlẹ̀, fi omi òkun kún un. Má fi ọwọ́ ọṣẹ kàn án."

Kò sí ọjọ́ tí Olúwadáre kì í ka ìwé náà. Nígbà tí kẹ́ẹ̀gì omi òkun tí ọ̀gá fi sílẹ̀ tán, Ọlọ́run tún ṣe é, ìjọ wọn lọ gbàdúrà létí òkun ní ìhà Ìlàjẹ. Ìyá Cecilia, aríran ìjọ, gbé ọwọ́ lé kẹ́ẹ̀gì omi òkun mẹ́ta tí Olúwadáre bù, ó gbàdúrà sí i, ó ní kó máa gbé e lọ. Omi òkun, omi àdúrà! Kí ni iyùn tún ń wá?

Àfi bó ṣe di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí olú náà sùn lọ gbalaja. Orí rẹ̀ hun jọ, kò sí ìka kan níta. Ẹ̀ka èkejì rí bí ọwọ́ ẹni tó pẹ́ nínú omi ìfọṣọ. Àyà Olúwadáre já. Lánàá òde yìí ni dẹ́rẹ́bà ọ̀gá mú iṣẹ́ wá pé ọ̀gá ń bọ̀ ní ọ̀sán Sátidé.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ó wo iná, ọ̀pá méjèèjì ń tàn. Ó wo ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, ó ń hó. Ó wo ohun tí wọ́n fi ń mọ bí omi ṣe gbóná tó, kò gbóná jù, kò tutù jù. Ó gbóòórùn omi, kò rà. Ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Fúnmi, ṣé o fọwọ́ ọṣẹ kan omi yìí?"

"Èmi kẹ̀? Tí mi ò kì í sún mọ́ ọn?"

Ó wá bu omi àdúrà, abọ́ kan gbáko, ó dà á sí i. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, èyí tó sùn gbalaja ti ń já awọ. Ó tún bu òmíràn. Jìnnìjìnnì bò ó. Mọ́tò kankan kò lè dẹwọ́ eré lójú títì kó má rò pé ọlọ́pàá ni. Oyún Fúnmi ti pé oṣù mẹ́jọ. Bí wọ́n bá ti òun náà mọ́lé, ta ni yóò gbé e dé ilé ìgbẹ̀bí? Níbo ni yóò gbé ọmọ sùn? Ó ń rìn yí àpótí ká, ó ń sọ pé, "Jésù, má jẹ̀ẹ́ n rí ti Pius." Ẹ̀rù ń bà á débi pé oúnjẹ tí Fúnmi gbé ka iwájú rẹ̀ tutù síbẹ̀.

Fúnmi wá dúró tì í, ọwọ́ kan ní ìbàdí. Ó na ìka sí etí gíláàsì níbi tí nǹkan funfun kan gbẹ mọ́, ó họ ọ́, ó fi kan ahọ́n.

"Iyọ̀ ni," ó ní. "Baálé mi, bí ọbẹ̀ mi bá pẹ́ lórí iná tó gbẹ kù díẹ̀, kí ni mo máa ń bù sí i?"

"Omi. Ṣùgbọ́n omi òkun ló gbẹ níbí, Fúnmi. Omi òkun náà la ó fi dí i."

"Ẹ dákun, omi ló gbẹ. Iyọ̀ ò lọ síbì kankan. Ẹ tún wá ń bu omi oníyọ̀ lé e lójoojúmọ́. Bó bá jẹ́ pé èmi ló ṣe bẹ́ẹ̀ sọ́bẹ̀, ṣé ẹ ó lè jẹ ẹ́?"

 Ojú Olúwadáre lọ sára ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọ̀gá fi sílẹ̀ láti máa léfòó nínú omi, tí ìlà àwọ̀ ewé wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá ń lọ, ìlà yẹn ṣe déédéé pẹ̀lú ojú omi. Láti ìgbà náà, ńṣe ni ìgò ń ga sí i, inú Olúwadáre sì ń dùn, nítorí lójú tiẹ̀, ohun tó bá nàró ló lálàáfíà. Orí pípé náà ni! Ó yọ ìgò yẹn, ó gbé e sínú omi mímu, ó rì dé orí. Ó dá a padà sínú omi iyùn, ó yọ ọrùn síta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iyọ̀ ló ń gbé e sókè.

Ó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ẹ̀rù rẹ̀ sì wá le sí i. Ìwé ọ̀gá ní omi òkun. Bó bá da omi mìíràn sí i tí iyùn sì kú, a jẹ́ pé òun gan-an ló pa á, kò ní lè búra bíi ti Pius. Omi àdúrà ńkọ́? Ṣé kí òun bù ú dànù?

"Ìyá Cecilia gbàdúrà sí omi," Fúnmi ní, "kò ní kẹ́ ẹ fi iyọ̀ pa nǹkan ọ̀gá."

Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òjò rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Fúnmi gbé abọ́ sí àárín ọgbà, omi tí kò kan páànù kún un. Olúwadáre bu omi oníyọ̀ díẹ̀ kúrò, ó sì bu omi òjò, ife kan ṣoṣo. Kó má bàa kánjú, ó ka Sáàmù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kó tó bu ife kejì. Ife kan, Sáàmù kan. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe é ní gbogbo Ọjọ́ Ẹtì. Ní Sáàmù kọkàndínlọ́gọ́fà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lọ. Ìgò ń rì díẹ̀díẹ̀.

Níbi tó ti ń ka Sáàmù ni ojú rẹ̀ ti ṣèèṣì bọ́ sára ìwé tó wà lára ògiri. Fi omi òkun kún un. Ìwé kan náà ni. Òun ni Pius náà kà. Pius kò da májèlé kankan. Ó ṣe gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, kò fi ọ̀kan sílẹ̀, ìyẹn gan-an ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ tì í mọ́lé. Olúwadáre pa Bíbélì dé. Ẹ̀rù mìíràn dé sí i lára, èyí tí Sáàmù ò lè lé.

Ọ̀sán Sátidé, ọ̀gá wọlé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi dé ibi àpótí. Olú ti nàró. Ìka tín-ín-rín ti ń jáde lórí rẹ̀, èkejì sì ti ń fì. Ìlà àwọ̀ ewé wà lójú omi gẹ́lẹ́. Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín, ó gbá Olúwadáre léjìká.

"Dáre, o káre láé! Ṣé o rí i? Ẹni tó bá tẹ̀ lé ìwé mi, kò ní ṣìnà. Ọmọ burúkú ọjọ́sí yẹn ni kò gbọ́ràn."

Olúwadáre wo Fúnmi lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ lórí ikùn. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" péré ló kù. Wọn yóò sùn sí yàrá wọn, ọmọ yóò délẹ̀ ní àlàáfíà, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ó yí padà, ó jáde. Ọ̀gá rò pé ẹrù òun ló lọ kó nínú mọ́tò.

Fìlà ló mú bọ̀. Ó gbé e sórí tábìlì níwájú ọ̀gá. 

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò tẹ̀ lé ìwé yín. Omi òjò ni mo bù sí i. Pius ló tẹ̀ lé e."