Lẹ́tà Onígun

Obìnrin kan wà tó jẹ́ atẹ̀wé, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló sì ń ya lẹ́tà fún un ní ṣọ́ọ̀bù. Onígun ni gbogbo ayé ń pe ọkùnrin yìí, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn bí ẹni tó gba oyè. Nínú gbogbo lẹ́tà tó yà, kò sí ibì kan tó ṣe roboto. Igun ni lókè, igun ni nísàlẹ̀, àfi bíi pé àáké ni wọ́n fi gé e. Ó ní ọ̀lẹ ló ń ya lẹ́tà roboto, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ariwo jí lójú ọ̀sán gangan.

Wọ́n kọ lẹ́tà yìí gàdàgbà sára ògiri ilé eré ìdárayá, ó sì bá ibẹ̀ mu. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò jiyàn. Ìgbà yẹn ni orí Onígun wú. Nígbà tí apòògùn gbé iṣẹ́ ìgò oògùn ikọ́ wá, lẹ́tà kan náà ni Onígun fi kọ bí wọ́n ṣe ń lò ó sórí bébà ara ìgò tí kò ju àtàńpàkò lọ.

Kò pẹ́ tí apòògùn fi kó gbogbo ìgò náà padà wá. Ó ní àwọn oníbàárà òun kò mọ̀ bóyá ṣíbí kan ni àbí mẹ́ta.

Onígun yínmú. "Ojú wọn ni kò là."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú ìgò kan, ó wò ó títí. Kò rí nǹkan kan kà àfi orúkọ àbúrò rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, tó fi lẹ́tà roboto kọ.

"Kí ló dé tí o kò fi lẹ́tà tìẹ kọ èyí?"

Onígun wò ó bí ẹni ń wo òmùgọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ mi mà nìyẹn. Àwọn èèyàn gbọ́dọ̀ rí i kà."