Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta

Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè àlejò yẹn fi kó àyà mi sókè.

Eré ọwọ́dilẹ̀ kan wà tí èmi àti Tíṣà, ọ̀rẹ́ mi, máa ń ṣe. Àwọn ènìyàn á fi fọ́tò mọ́tò tó ṣọ̀wọ́n ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa lórí fóònù, àwa á sì dárúkọ rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. Lọ́jọ́ náà, fọ́tò ẹ̀yìn mọ́tò kékeré kan ni àlejò kan tí a kò mọ̀ rí nínú ẹgbẹ́ náà fi ránṣẹ́: ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, abìdí-pẹlẹbẹ, arìn-bí-ẹni-fẹ́-kúnlẹ̀.

Tíṣà pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. "Àǹtí, mo ti mọ̀ ọ́n! Lónìí, ẹ ó gbà pé ọ̀gá yín ni mí."

"Ọ̀gá aláriwo! Ka ìbéèrè rẹ̀ tán ná."

Ohun tí àlejò náà kọ ni pé: "Ta lẹ mọ̀ tó ní irú rẹ̀? Níbo ló ń gbé?"

Nínú eré wa, ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ilé ẹni tó ni mọ́tò.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi nìkan ló ní irú rẹ̀ nílùú wa. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àbúrò mi obìnrin sá pamọ́ sí nígbà tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ lù ú pa. Mo tún fọ́tò náà wò dáadáa. Gèlè àbúrò mi hàn nínú gíláàsì ẹ̀yìn. Olúwa, ṣíji bò ó!

Tíṣà ti kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi àti àdúgbò rẹ̀ sórí fóònù. "Ẹ jẹ́ n tètè fi ránṣẹ́ kí ẹlòmíràn tó gbà á mọ́ wa lọ́wọ́."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Tíṣà, jọ̀ọ́, pa ohun tí o kọ yẹn rẹ́."